Ewúrẹ́ Sójà

Bí mo bá ti rí okùn, sójà tó fẹ̀yìntì ládùúgbò wa ní Ṣakí ni mo ń rántí, inú á sì bí mi. Gbogbo ayé ń yìn ín pé ó gbé ẹnìkejì rẹ̀ tí ìbọn bà sá jáde lójú ogun, kí ọ̀tá tó padà mú òun fúnra rẹ̀. Ní tèmi, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ni mo mọ̀. Kì í so wọ́n. Iṣu tí mo bá sá sórí àpáta fún èlùbọ́, wọn a jẹ ẹ́. Bí mo bá pariwo, á ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn."

Lọ́jọ́ kan, mo so òbúkọ rẹ̀ mọ́ igi. Ó sáré dé, ó fọ̀bẹ gé okùn náà.

"Báyìí ni wọ́n ṣe so mí nígbèkùn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ ewúrẹ́ rẹ̀?