Omi Tíì Enid àti Ẹ́ńjìnnì Plọ́ọ̀gì Mẹ́jọ

Mẹkáníìkì ni Wilf Tranter ní ìlú Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ MG kan ṣoṣo ló ń wà láti ìgbà ọ̀dọ́: oníjókòó méjì, aláwọ̀ ewé, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ohun tí a bá ní là á náání, àmọ́ ojú Wilf ti kúrò lára ohun tó ní. Irú ọkọ̀ yẹn kan náà wà tó ní plọ́ọ̀gì mẹ́fà, ó wà tó ní mẹ́jọ tó sì yára jù, Cyril Hobley ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ. Cyril kì í jẹ́ kó mu bíà rẹ̀ ní ìrọwọ́rọsẹ̀.

"Wilf, mo rí ẹ lórí òkè Boars Hill lánàá. Ìyá àgbà kan fi kẹ̀kẹ́ yà ẹ́ sílẹ̀. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí ẹ."

"Ó mọ̀ mí ni. Ìwọ ńkọ́, tó jẹ́ pé ilé epo lò ń gbé?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Wilf lákínyẹmí ara. Nígbà tó rí ẹ́ńjìnnì plọ́ọ̀gì mẹ́jọ lára ọkọ̀ kan tó ti forí sọ igi, kò bi ẹnikẹ́ni kó tó rà á. Inú ṣẹ́ẹ̀dì Cyril ló ti ṣe iṣẹ́ náà. Ó yọ ti àtijọ́, ó gé irin, ó jó irin, títí èyí ńlá náà fi jókòó dáadáa. Kò sọ fún Enid, ìyàwó rẹ̀. Ojú Enid ti ń ṣú, òjìji lásán ló kù tó ń rí, Wilf sì fẹ́ fi ohùn ọkọ̀ náà yà á lẹ́nu.

Ó kúkú yà á lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, bí Wilf bá ti yà níbi ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, Enid á ti gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà, á sì gbé omi tíì kaná. Lọ́jọ́ yìí, ilẹ̀kùn ló bá ní títì pa.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, jàre. Ṣílẹ̀kùn."

"Wilf? Rọra o, mọ́tò àjèjì kan wà níta. Kò tíì lọ."

Enid ṣílẹ̀kùn; irin tí wọ́n fi ń koná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ti Wilf.

"Mọ́tò wa ni. Mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀."

Enid gbé irin náà sílẹ̀. "Ó lágbára," ló wí. "Màá kọ́ ohùn ẹ̀."

Kò rí i kọ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà bá bú níbi ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń sáré lọ, yóò tì í, yóò dúró síbẹ̀ títí Wilf yóò fi sọ̀rọ̀. Wilf ò lè gbé e mì. Ó wa ọkọ̀ padà sí ṣẹ́ẹ̀dì Cyril, ó ní kó bá òun mú okùn tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì jáde.

"O fẹ́ yọ ọ́? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé. Tíì ni mo fẹ́ mu."

Ní ọjọ́ tó dá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ padà sínú ọkọ̀ tó sì wà á lọ sílé, kẹ̀kẹ́ méjì ló yà á sílẹ̀ lórí òkè. Ó yà níbi ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọlé jẹ́ẹ́. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, omi sì ti ń hó.