Kwámínà, Ẹni Tí Wọ́n Gba Sátidé Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní gbogbo Jàmáíkà, láti etí òkun títí dé orí òkè, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ṣúgà tó Kwámínà. Bí omi ìrèké bá ń hó nínú ìkòkò karùn-ún, èyí tó kéré jù tó sì gbóná jù, á dẹtí sílẹ̀, á ní, "Ó ti ń pè mí." Á ti àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀, iná kò sì jó o rí, kí ẹni tó bá ní irọ́ ni lọ ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́ wò. Á fi ìka ìfábẹ̀là kan àtàǹpàkò náà, á rọra yà wọ́n. Bí okùn tín-ín-rín bá fà láàrin wọn bí òwú aláǹtakùn, á kígbe pé, "Ẹ dà á!" Ohun tí wọ́n bá dà sínú àgbá lọ́jọ́ náà, ṣúgà ni yóò dì, hóró hóró bí iyanrìn. Oòru ilé ìsè náà pọ̀ débi pé ẹyẹ tó bá ṣèèṣì gba fèrèsé kan wọlé, jíjinná ló ń gba èkejì jáde.

Ẹrú ni ọkùnrin yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ nìkan ló ṣẹ́ kù fún un. Ní èdè àwọn baba rẹ̀, Kwámínà ni ọmọkùnrin tí a bí ní Sátidé, Sátidé náà sì ni ọjọ́ tí àwọn ẹrú fi ń gun òkè lọ sí oko iṣu tiwọn. Lórí òkè yẹn, níbi tí ìkùukùu ti ń sùn mọ́ ilẹ̀ bí ajá, Bẹ́nẹ́bà ìyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, ní ìdí igi ọsàn wẹ́wẹ́, láàrin ebè. Kwámínà á máa tu koríko, á máa ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un. Nígbà mìíràn á gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láàrin ewé iṣu.

Ni Búṣà tuntun bá dé. Búṣà là ń pe alábòójútó oko. Ó lu agogo, ó ní títí ìrèké yóò fi tán lóko, kò sí Sátidé mọ́.

Mímbà, obìnrin tó ń ki ìrèké bọ ẹnu ẹ̀rọ, pariwo pé, "Bàbá Kwámínà, ẹ ò gbọ́? Wọ́n ti gba orúkọ yín! Kí la ó máa pè yín báyìí?"

"Ẹ máa pè mí ní Mọ́ńdè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Sátidé mẹ́ta kọjá. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìsè, ó ń wo bí koríko ṣe ń gun ebè lórí òkè. Bó bá fi lè bò wọ́n tán, iṣu á kú, ta ni yóò sì mọ ibi tí orí Bẹ́nẹ́bà wà?

Ní Sátidé kẹrin, èéfín ìkòkò pín sí méjì bí aṣọ títa. Bẹ́nẹ́bà jáde láti inú rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ kún apẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀.

"Kwámínà, ta ló kọ́ ṣúgà láti dì?"

"Èmi ni."

"Ẹni tó kọ́ ọ náà lè ní kó gbàgbé."

Èéfín pa dé. Òórùn ọsàn ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo asè-ṣúgà ló mọ̀ ọ́n: ẹfun ló ń mú kó dì, omi kíkan ni kì í jẹ́ kó dì. Wọn kì í sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni. Láti ọjọ́ náà, ọsàn wẹ́wẹ́ ń wọlé lábẹ́ fìlà Kwámínà, omi kíkan rẹ̀ sì ń kán sínú ìkòkò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbá kan kò dì. Ọkọ̀ òkun dúró ní èbúté títí ìdí rẹ̀ fi hu koríko.

"Kí lo ṣe fún ṣúgà mi?" Búṣà jágbe.

"Èmi kẹ̀, Búṣà? Ó ti rẹ àwọn ìkòkò ni."

"Ó rẹ irin?"

"Láyé ọjọ́sí, a máa ń paná ní Sátidé kí wọ́n lè sinmi."

Búṣà ní òun yóò pe Kátò, asè-ṣúgà oko kejì. "Bó bá rí nǹkan níbẹ̀, màá tà ọ́ sí erékùṣù mìíràn. Ojú rẹ ò ní rí òkè yẹn mọ́ láéláé."

Kátò! Ogún ọdún ni òun àti Kwámínà ti ń jà sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè jù. Ó dé lórí ìbaaka, ikùn ló ṣíwájú rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ṣúgà rẹ ti di ọbẹ̀."

"Ọbẹ̀ tèmi sàn ju ṣúgà tìrẹ lọ."

Kátò ti ìgbakọ bọ ìkòkò, ó bù ú sókè. Hóró ọsàn kan léfòó lójú rẹ̀, funfun bí eyín ọmọ ọwọ́.

Búṣà tẹ̀ mọ́ ọn. "Kí nìyẹn?"

Kátò wo hóró náà, ó wo Kwámínà, ó gba ẹnu ọ̀nà wo òkè, níbi tí ebè tirẹ̀ náà wà. Bí Búṣà yìí bá rí Sátidé gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, Búṣà tiwọn náà kò ní pẹ́ kọ́ ọ. Ó ju hóró sẹ́nu, ó rún un. Ó korò débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èérún ìrèké ni, Búṣà. Adùn rẹ̀ ló ń pa mí lẹ́kún. Àmọ́ ó ti rẹ ìkòkò yìí o! Lọ́dọ̀ tiwa, láti ìdájí Sátidé la ti ń paná."

Bó ṣe ń gun ìbaaka rẹ̀, ó rọra sọ fún Kwámínà pé, "Bí igi ọsàn bá hù nínú ikùn mi, ìwọ ni wàá gé e."

Búṣà gbà bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé, iná kú. Kwámínà gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

"Bàbá Mọ́ńdè, níbo?" Mímbà ló ń ké.

"Kwámínà lorúkọ mi!"

Koríko ti ga jù ú lọ lórí òkè, ìkùukùu sì bo ohun gbogbo. Kò rí ebè, kò rí igi. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ń ta òórùn ọsàn sí imú, ó wá tẹ̀ lé òórùn kan náà láàrin ìkùukùu, díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ìdí igi.

"Bẹ́nẹ́bà," ó ní, "èmi Sátidé ti dé."