Bí A Ṣe Lọ Mú Ìyàwó Sékù Wá sí Ìkòsí láti Kútọnu

Ìrun àsùbáà ò tíì parí ní mọ́sáláṣí wa ní Ìkòsí tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sá fún ìrìn àjò ọjọ́ náà. Ọwọ́ mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Alfa béèrè ẹni tó mọ ọ̀nà Kútọnu, èmi ni mo nawọ́ sókè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀ rí, mo sùn nínú ọkọ̀ lọ, mo sì sùn bọ̀.

Sékù ni mo ń bá lọ, télọ̀ ará Làìbéríà tó ń gbé lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Ogun ló lé e kúrò nílé, ogun náà ló ya òun àti Fáńtà ìyàwó rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi gbé Sékù dé Èkó; Fáńtà gbé ọmọ wọn obìnrin pọ̀n, ó gba orí ilẹ̀, ó há sí Kútọnu. Ará ìlú wọn kan tó máa ń wá ra ata ní Mile 12 ló mú ìròyìn wọn wá. Bí jamáà mọ́sáláṣí ṣe gbọ́, wọ́n dá owó yàrá, Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin wa, sì kó ẹní àti ìkòkò síbẹ̀.

Láti Kẹ́tù a wọkọ̀ dé Mile 2, a wọ mọ́tò Sẹ̀mẹ̀ níbẹ̀, igba náírà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Títí a fi kọjá Badagry, gáùn kékeré kan ni Sékù ń tẹ́ sórí itan, tó ń ká a, tó tún ń tẹ́ ẹ. Ọmọ rẹ̀, Màríámù, ló rán an fún.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé á mọ̀ mí?"

"Ọmọ ò lè ṣàì mọ baba ẹ̀," ni mo wí, bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Ní bodè, òṣìṣẹ́ kan gba ìwé tí ìjọba fún Sékù pé ó sá fógun, ó ń wò ó. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan o, àbí kí ni mo ń sọ? "Ọ̀gá, ọmọ Nàìjíríà ni mí o! Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí bàbá mi!"

"Bàbá, ẹ farabalẹ̀," ó ní. "Ta ló ń lé yín?"

Ní òdìkejì bodè, owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Inú ìgò ńlá ni wọ́n ti ń ta bẹntiróòlù lẹ́bàá títì, bí ẹni ń ta oyin. Ọ̀kadà tiwa ni wọ́n ń pè ní sémíjàn, ìyẹn "gbé mi kíákíá". Kíákíá náà ló gbé mi. Mo di awakọ̀ náà mú títí ó fi kígbe ní Yorùbá Ànàgó: "Bàbá, ẹ má fún mi pa, mo lọ́mọ nílé!"

Àpèjúwe tí ará ìlú wọn náà fún Sékù la fi dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Kútọnu. Fáńtà rí Sékù, ó bú sẹ́kún, ó ṣubú mọ́ ọn. Màríámù sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Bàbá rẹ nìyí," ni Fáńtà wí ní èdè wọn; ẹ̀yìn náà ni Sékù túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Irọ́ ni. Bàbá mi wà nínú fọ́tò."

Fáńtà gbé gáùn náà wọ ọmọ náà, ọrùn aṣọ ò kọjá etí rẹ̀. Télọ̀ tó ń ránṣọ fún gbogbo Ìkòsí ò mọ ìwọ̀n ọmọ tirẹ̀. Sékù rẹ́rìn-ín, ó sì ká aṣọ náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kéré bí ìwé.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọmọ náà gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi, ó gba omi lọ́wọ́ dírẹ́bà. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ní bodè wọ́n bi í pé ọmọ ta ni. "Ọmọ Fáńtà," ló wí fún wọn. Wọ́n yẹ ìwé ìyá rẹ̀ wò, wọ́n ní kí Sékù mú wọn lọ forúkọ sílẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tí a rí afárá Kẹ́tù, mo kígbe "Alhamdulillahi!"

Àwọn obìnrin mọ́sáláṣí ti kún ilé, ìrẹsì àti ẹran ti délẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan ìgbákọ. Ìyá Àdínì fa Fáńtà àti ọmọ wọ yàrá láàárín àwọn obìnrin, ó bu oúnjẹ fún olúkúlùkù nínú àwo tirẹ̀. Wọ́n gbé ti Sékù fún un lóde lọ́dọ̀ àwa ọkùnrin. Ọ̀wọ̀ la rò pé à ń ṣe. Sékù ò jẹun. Màríámù náà ò jẹ.

Fáńtà dìde. Sékù ló bá a túmọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ó ní ẹ má bínú, Ìyá. Ó fẹ́ abọ́ ńlá kan."

"Àlejò mi, jókòó jàre! Kí lo fẹ́ fi abọ́ ṣe?"

Ó da gbogbo àwo wọn pọ̀ sínú abọ́ kan, ó gbé e sílẹ̀ lórí ẹní, ó sì na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀ kó wọlé. Nílé wọn, abọ́ kan ni wọ́n ń yí ká, bàbá ni í pín ẹran. Sékù wọlé, ó jókòó, àwa tó kù ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ó ya ẹran, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, kò wo ojú rẹ̀. Màríámù ò fọwọ́ kàn án. Ìyá Àdínì gbàgbé ìgbákọ sókè.

Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà mú ẹran, ó jẹ ẹ́. Ó mú òmíràn, ó fi eyín gé e, kò gé, ó nà án sí Sékù, ó sọ nǹkan kan.

"Kí ló wí?" ni mo béèrè.

Sékù ti na ọwọ́ gba ẹran náà. Fáńtà ló fi ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ṣàlàyé fún mi: "Ó ní ó le. Ó ní kí bàbá òun bá òun ya á."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Alfa bi mí ohun tí mo kọ́ ní Kútọnu. Mo ní mi ò kọ́ nǹkan kan ní Kútọnu. Ìdí abọ́ Fáńtà, ní Ìkòsí níbí, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́, mo sì ti ń gbé ibí láti ọjọ́ pípẹ́.