Àpótí Tí Gombault Tì Sísàlẹ̀ Àtẹ̀gùn

Perrine kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn àwo tó jiná dáadáa àti ti èyí tó ti sán. Bàbá rẹ̀, Hilaire Gombault, a máa fi èékánná ta àwo tánńganran létí: gbin! Èyí tó bá dún gbin di ẹrù ọba. Èyí tó bá dún pọ̀, bàbá a ní, "Òkú lèyí. A kì í gbé òkú ta àlejò lọ́rẹ."

Nílé iṣẹ́ àwo ọba létí odò Seine, òun ló ń fi koríko gbígbẹ di àwo tí ọba ilẹ̀ Faransé fi ń wá ojúrere àwọn ọba yòókù. Bàbá ní àṣà kan: kò sí àpótí tó dì tí kì í tì sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kó tún un ṣí, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun kan fọ́, kí wọ́n tó fi ìda lu òǹtẹ̀ ọba lé e.

Lọ́jọ́ tí ikọ̀ ọba Sweden wá wo ẹ̀bùn ọba rẹ̀, àlejò ń kánjú, Delaunoy, ọ̀gá ilé iṣẹ́, náà ń kánjú. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ kí bàbá tó dé ìdí àpótí. Bàbá kò tilẹ̀ wo òǹtẹ̀. Ó fẹsẹ̀ tì í.

Gbì! Gbì! Gbìrìgìdì!

Perrine, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sáré wá. Àwo ọbẹ̀ ńlá tí òun fúnra rẹ̀ fi òkúta dídán nu wúrà ara rẹ̀ títí tó fi ń kọ mànà wà nínú àpótí yẹn.

"Bàbá Gombault! Ẹrù ọba nìyẹn!" Delaunoy kígbe.

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ká ní kì í ṣe tọba ni, àtẹ̀gùn kékeré ni ǹ bá lò."

Ojú ikọ̀ ti funfun bí ẹfun. "Bó bá ti fọ́ ńkọ́?"

"Ẹ gbé orí mi lọ fún ọba yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi dì í, kó má baà fara pa lọ́nà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni já òǹtẹ̀ ọba kí ẹrù tó délé olówó rẹ̀. Àpótí wọ ọkọ̀, ó gbé àṣírí rẹ̀ lọ sílùú òtútù.

"Bí ẹyọ kan bá fọ́," Delaunoy sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ̀wọ̀n ni fún bàbá rẹ, Perrine. Ìwọ náà ò ní ríṣẹ́ níbí mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wọ ìgbà òtútù. Lẹ́nu iṣẹ́, bàbá ń fẹnu fọ́nnu. Nílé, bí pátákò ẹṣin tó lè gbé ìròyìn wá bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, búrẹ́dì a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Búrẹ́dì yìí ló ń yọ̀."

Lọ́jọ́ kan, Perrine bá a tó jókòó ṣáńṣán, tó ki koríko gbígbẹ kún inú ẹ̀wù rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Bí wọ́n bá tì mí sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọgbà ẹ̀wọ̀n ńkọ́?"

Perrine rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó rí i pé bàbá tún ń ki koríko sí i ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Àìsàn ikọ́ pa bàbá kí yìnyín òkun àríwá tó yọ́. Ó wá ku Perrine nìkan tí yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ń bó àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí Delaunoy kan ilẹ̀kùn. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn.

"Ìròyìn ti Sweden dé."

"Ẹ sọ ọ́, ọ̀gá. Ẹ má fi falẹ̀."

"Ẹyọ kan kò fọ́." Ọ̀gá wú ikọ́. "Àmọ́ wọ́n ń ráhùn o. Wọ́n ní àwọn ìránṣẹ́ ààfin wa koríko títí ọwọ́ wọn fi bó. Nígbà mìíràn, ẹni tó dì í ni kó wá tú u."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Perrine. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọ̀gá náà. Lẹ́yìn náà ọ̀gá ṣí fìlà lórí.

"Kí ni kí n wí fún wọn?"

"Ẹ ní ẹni tó dì í ti lọ síwájú."

Ọ̀gá lọ. Perrine jókòó, ó bó àlùbọ́sà tó kù, ó rẹ́ ẹ, ó sì gbé ìkòkò kaná.