Akínbọ̀dé tó máa ń dá sinimá dúró láàárín

Àwọn ọmọ-ọmọ mi mọ̀ pé tí mo bá ní ejò kan gùn tó òpó iná, kí wọ́n gé e sí méjì kí wọ́n tó gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Akínbọ̀dé yìí, mo gbìyànjú kí n má fi iyọ̀ púpọ̀ sí i.

Torino ní Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sinimá. Ó kọ́kọ́ ń gbálẹ̀ lẹ́yìn tí èrò bá lọ tán, ó ń ṣa gúgúrú lábẹ́ àga. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ dé Brussels, níbi tí wọ́n ti ń kọ èdè méjì sábẹ́ àwòrán kí ẹnì kan má bàa bínú sí ẹnì kejì. Ní Lyon, ó rí i bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣe kọ́ sinimá oníyàrá ogún, tí àwọn kéékèèké àdúgbò sì ń ti ìlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan níbẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó bá wúkọ́ lẹ́yìn, ọjọ́ kejì ni ará iwájú máa kí i pẹ̀lẹ́. Ìyẹn, èmi ni mo fi kún un.

Ní Torino, wọ́n máa ń dá fíìmù dúró láàárín. Wọ́n á tan iná, àwọn èèyàn á na ẹsẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀. Àṣà yìí ló gbé wá sí Conyers ní Georgia, ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tó ti ń fi sinimá han àwa arúgbó ìjọ wa lọ́sàn-án Sátidé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dá a dúró, Alàgbà Ọlágúnjú ní, “Bọ̀dé, ṣé NEPA ti tẹ̀ lé wa dé Georgia ni?”

Ọmọ méjì ló bí. Láńrewájú ló mú un wá sí Amẹ́ríkà. Tẹniọlá tó jẹ́ àkọ́bí kì í bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá wọn, tó wà níbí pẹ̀lú àwọn ọmọ, ń ṣàìsàn tó pa á, ó pe ọkọ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sinimá lọ́hùn-ún títí. Akínbọ̀dé ní ọ̀gá sinimá kò fún òun láyè. Kò sì wá sin ín. Tẹniọlá gbà pé sinimá ni bàbá òun yàn. Ohun kan tí Akínbọ̀dé ń fẹ́ kó tó kú ni kí ọmọ yìí gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Sátidé kan, Láńrewájú tó máa ń fi mọ́tò gbé mi wà ní shift níbi iṣẹ́. Mo pe Tẹniọlá pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, kó wá gbé mi lọ wo sinimá. Ó dùn mí lóòótọ́, àmọ́ kò tó bí mo ṣe sọ ọ́. Nígbà tó gbé mi dé, mo ní kó bá mi jókòó díẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Kò pẹ́ tó fi gbé báàgì rẹ̀, ó dìde nínú òkùnkùn. Akínbọ̀dé rí i. Fíìmù ò tíì dé ìdajì, ó dá a dúró, ó tan iná.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ dá a dúró?” ni Tẹniọlá bi í.

“Kí o má bàa lọ ni.”

“Mummy náà ò fẹ́ lọ. Ó ń pè yín. Ẹ ní ọ̀gá yín ò gbà.”

“Kò sí ọ̀gá tó dí mi lọ́wọ́. Mi ò ní ìwé ìgbélùú, Tẹni. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọ sinimá yẹn nígbà náà. Kò sí embassy tó máa fún mi ní visa. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, tí mo wọ táì, táì elòmíràn ni.”

“Ṣé Mummy mọ̀?”

“Rárá. Ojú tì mí. Mo rò pé ara rẹ̀ á yá, màá wá ṣàlàyé.”

“So Mummy kú, ó rò pé ẹ ò fẹ́ wá.”

“Mo mọ̀. Ohun tí mò ń gbé kiri nìyẹn.”

Ọlágúnjú ní kí wọ́n tan fíìmù padà, òun fẹ́ mọ ẹni tó jalè. Mo fi ọ̀pá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Tẹniọlá nu ojú rẹ̀. Ó gba àárín àga wa kọjá, ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó jókòó. Kò dì mọ́ ọn, kò sì sọ pé òun ti dárí jì í.

“Daddy, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ débẹ̀.”

Akínbọ̀dé bẹ̀rẹ̀. Àwọn arúgbó ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí Tẹniọlá máa gbé lọ sílé, mo dijú bí ẹni tó sùn, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.