Iye Tí Wọ́n Sọ Níwájú Ibojì Bàbá

Ó ti lé lógún ọdún tí Ìbíjọkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ayégbajú-Èkìtì. Kò fún ọmọ ẹnikẹ́ni ní máàkì tí kò tọ́ sí i rí, títí kan ọmọ tirẹ̀, tó tún kíláàsì kan kà lójú ìyá rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ojú rẹ̀ le. Ó le lóòótọ́.

Nígbà tí bàbá wọn kú, òun tó jẹ́ àkọ́bí ni kóòtù fi ṣe alámòójútó ogún. Ilé kan ṣoṣo ni ogún náà, ní Oye, nítòsí yunifásítì. Adékúnlé, tó ń kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fẹ́ rà á ní ogójì mílíọ̀nù náírà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó-orí ti dé, nítorí èrè tí ènìyàn bá jẹ lórí ilé tó tà, ìjọba a máa bu tirẹ̀ nínú rẹ̀. Olúsọjí, àbúrò Ìbíjọkẹ́, ẹnjiníà tó ti Èkó wá, ti rí ọgbọ́n dá sí i.

"Àǹtí mi, mílíọ̀nù mẹ́wàá ni ká kọ sínú ìwé. Èrè dà? Kò sí. Owó-orí dà? Ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ."

"Ta ni yóò fọwọ́ sí i?"

"Ẹ̀yin ni alámòójútó."

"Èmi náà ni wọn yóò wá mú."

Táyọ̀, àbíkẹ́yìn wọn, pòṣé. "Ṣé ìjọba bá bàbá wa pọnmi tí wọ́n fi po símẹ́ńtì ni? Ọ̀nà tó wọ ulé yìí gan-an, àwa la rọ́ yẹ̀pẹ̀ dí kòtò rẹ̀!"

"Òótọ́ lo sọ. Ìjọba burú. Ìyẹn ò ní kí n purọ́."

Inú bí Olúsọjí. Ó ní bí kò bá fọwọ́ sí i, kò ní rí òun àti Táyọ̀ mọ́ nílé rẹ̀, ì báà ṣe àríyá, ì báà ṣe ọ̀fọ̀. Ó mọ ibi tó ń dùn ún: opó ni Ìbíjọkẹ́, àwọn méjèèjì yìí ló kù fún un lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

Nínú ìdílé wọn, wọn kì í ta ilé tí òkú sùn sí láìsọ fún òkú. Ibojì bàbá wọn wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá rẹ̀. Adékúnlé ti ṣèlérí pé òun kò ní fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ sanwó, wọ́n dúró yí ibojì náà ká. Kátíkíìsì ìjọ wọn gbàdúrà. Ó ku kí àkọ́bí sọ orúkọ ẹni tó ra ilé àti iye tó rà á.

Ìbíjọkẹ́ sún sẹ́yìn. "Olúsọjí, ìwọ lo dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin. Bá mi sọ ọ́. Iye tó bá ti ẹnu rẹ jáde ni mo máa kọ, mo sì máa fọwọ́ sí i."

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé òkú kì í gbọ́rọ̀."

"Kí ló wá le níbẹ̀? Sọ mílíọ̀nù mẹ́wàá."

Olúsọjí, tó máa ń fi Bíbélì bú àwọn tó ń bá òkú sọ̀rọ̀, la ẹnu. Ó wo orúkọ bàbá rẹ̀ lára símẹ́ńtì, ó pa ẹnu dé. Ó wo Táyọ̀; ilẹ̀ ni Táyọ̀ ń wò.

"Bàbá," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "ogójì mílíọ̀nù ni Adékúnlé fi ra ulé yín."

"Àmín," ni kátíkíìsì tí kò mọ nǹkan kan dáhùn.

Iye yẹn ni Ìbíjọkẹ́ kọ. Ó san owó-orí kó tó pín kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó sì pín ìyókù sọ́nà mẹ́ta ọgbọọgba. Olúsọjí gba tirẹ̀, kò dúpẹ́.

Nígbà Kérésì, Táyọ̀ nìkan ló wá.

"Bọ̀ọ̀dá mi ò ní wá o," ó wí, bó ṣe ń jẹun.

"Mo mọ̀," ni Ìbíjọkẹ́ wí, ó sì bu ẹran kún oúnjẹ Táyọ̀.