Mo da ọṣẹ ìfọṣọ nù nítorí énsáìmù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó ṣàlàyé: lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé odindi páálí ọṣẹ ìfọṣọ ìyàwó mi, mo dà á sórí àkìtàn!

Kí ló fà á? Inú trotro, ọkọ̀ akérò, ni mo wà, mò ń bọ̀ láti Circle, ni rédíò bá sọ pé nínú àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alusáímà, énsáìmù kan lè máa ṣiṣẹ́ àṣejù nínú ọpọlọ, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sì máa kú. Mo délé ní Nima, mo rí "énsáìmù" lára páálí ọṣẹ. Háà! Ọ̀tá ti wọlé!

Ìyàwó mi wò mí títí. "Baba Sàfíyà, ṣé ẹ máa ń jẹ ọṣẹ ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìkírá, tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ló gbé waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà, kaná tó gbàgbé rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ilé jó. Ó ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó yà sílé onílé. Wọ́n ní ká gbé e lọ bá dókítà, èmi akọni ní ó di ọ̀la. Bí dókítà bá wá dárúkọ àìsàn náà ńkọ́?

Sàfíyà, ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló là mí lóye. Ó ní énsáìmù dà bíi méètì tó ń pe èrò sínú trotro: láìsí i, ọkọ̀ ò ní gbéra, àmọ́ bó bá ń rọ́ èrò kún un ju bó ṣe yẹ lọ, ọkọ̀ tí spíríǹgì rẹ̀ ò lágbára ló máa kọ́kọ́ wó. Ó ní agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà ò dọ́gba. Àwọn tó ń tọ́jú ìrántí wà lára àwọn tó ń tètè bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá bí wọ́n ṣe máa dá irú méètì bẹ́ẹ̀ lẹ́kun.

Ó wá bi mí pé, "Baba, adɛn, kí ló dé? Kí lọṣẹ ṣe fún yín? Ìdọ̀tí ara aṣọ ni énsáìmù tiẹ̀ ń bá jà."

Ẹ̀kọ́ mi rèé: ìbẹ̀rù kì í wo àìsàn. A ti lọ bá dókítà o, a ó sì tún lọ. Mi ò sá mọ́. Ta ló ń gbàgbé nílé tiyín? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ kọ́gbọ́n.

Ṣé ẹ rò pé àlàyé Sàfíyà ló gbé mi dìde? Rárá o! Ẹ̀gbọ́n mi ló múra láàárọ̀, tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Lámídì, dìde. Ìwọ lò ń sá, èmi kọ́. Ká lọ báyìí tí mo ṣì lè fẹnu ara mi sọ ohun tó ń ṣe mí."